Ìjọba ti kéde àjálù ní káńtì, kí ló dé tí owó ò tíì kan àgbẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí kó yé ara wa dáadáa, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, àtàwọn tó wà nílé tó ń gbọ́ ìròyìn Amẹ́ríkà látòkèèrè, àtàwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń ra ilẹ̀ oko díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbọ́ pé ìjọba ti kéde àjálù ní káńtì báyìí (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ni káńtì jẹ́ lọ́hùn-ún), ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé owó ti wọlé nìyẹn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gba ṣẹ́ẹ̀kì. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bínú sí àwọn àgbẹ̀ yẹn pé owó ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìkéde lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀, owó ọ̀hún gan-an sì pín sí oríṣiríṣi àpò, àpò kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹni tí kò bá mọ àpò tó kan òun á kàn máa dúró lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká fi iná Smokehouse Creek ṣàlàyé ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti fojú hàn. Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024 ni iná yẹn bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìlú Stinnett ní káńtì Hutchinson, lápá àríwá Texas tí wọ́n ń pè ní Panhandle. Koríko ti gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́ kíkankíkan, àwọn tó ń bójú tó igbó ní Texas sì wádìí ẹ̀ pé wáyà iná mànàmáná ló dá a sílẹ̀. Kí wọ́n tó kápá ẹ̀ pátápátá nínú oṣù kẹta, ó ti jó ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, Texas ò rí iná ọdàn tó tóbi tó yẹn rí. Èèyàn méjì bá a lọ. Káńtì Hemphill, tí olú ìlú ẹ̀ ń jẹ́ Canadian, wà lára àwọn tó jìyà ẹ̀ jù, èèyàn 3,382 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ nígbà ìkànìyàn 2020, iṣẹ́ màlúù ló gbé ọ̀pọ̀ wọn ró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ló kú. Àwọn míì ò kú lójú ẹsẹ̀, iná ti jó pátákò wọn, ó ti jó ọmú àwọn abo, wọn ò lè rìn, ọmọ wọn ò lè mu, ẹni tó sin wọ́n dàgbà náà ló tún máa mú ìbọn lọ bá wọn nínú pápá kí wọ́n má bàa máa jẹ̀rora. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, ọjọ́ kejì tí iná bẹ̀rẹ̀, Gómìnà Greg Abbott kéde àjálù ní káńtì 60. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní ó ti parí, owó ti dé. Àmọ́ ìkéde gómìnà, ohun tó wà fún ni kí ìpínlẹ̀ lè tètè kó panápaná, ọkọ̀ òfuurufú àti nǹkan èlò lọ síbẹ̀. Kò sí ṣẹ́ẹ̀kì àgbẹ̀ kankan nínú ẹ̀. Ti ààrẹ tún wà, ìyẹn ló máa ń gbé FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, wọlé, wọ́n á wo ilé tó bàjẹ́, afárá, ojú ọ̀nà, wọ́n á ran ẹni tí ò nílé mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n FEMA ò ní san owó màlúù tàbí owó àgbàdo tó ṣòfò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, òun ni ìkéde tí Mínísítà ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ máa ń ṣe, káńtì lẹ́yìn káńtì. Ìròyìn ẹ̀ máa ń jáde léraléra lọ́dún, pàápàá tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì ti le dé ìwọ̀n kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra lásìkò tí irè wà lóko, ìkéde yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá fúnra ẹ̀. Àwọn káńtì tó fara kan káńtì tí wọ́n kéde náà máa ń wọ inú ẹ̀. Ohun tó gbà wálé fún àgbẹ̀ wá ni ẹ̀tọ́ láti lọ yá owó lọ́wọ́ ìjọba. Owó yíyá, kì í ṣe ẹ̀bùn! Èlé ẹ̀ ò pọ̀, 3.75 nínú 100 ni lọ́dún 2024, èèyàn lè yá tó 500,000 dọ́là, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n sì fún un láti wá béèrè, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé bánkì tàbí ayánilówó míì ò gbà láti yá òun lówó tó bójú mu. Torí náà bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti kéde àjálù ní káńtì kan torí ọ̀gbẹlẹ̀, gbèsè ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún wọn, ẹ má lọ bá wọn yọ̀ pé owó dé.

Owó tí èèyàn ò ní dá padà wà ṣá o. Ọ́fíìsì FSA ló ń san án, àjọ kan lábẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn káńtì, àwọn kékeré á dara pọ̀ mọ́ káńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló sì máa ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń jókòó níbẹ̀ láàárín ara wọn, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lò, àwọn ló máa ń wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n á sọ bóyá kí wọ́n sanwó tàbí kí wọ́n má san. Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé FSA ò ní béèrè pé ṣé àjálù ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Kí ni àjálù gbà lọ́wọ́ ẹ gan-an, ìyẹn ni wọ́n máa béèrè. Ẹran ni? Koríko ni? Ọgbà ni? Irè ni? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpò tiẹ̀.

Ẹran tó kú ni ká kọ́kọ́ mú. Àpò tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní LIP. Iná ọdàn wà lára ohun tí òfin ẹ̀ kà sí àjálù, òjò yìnyín, àrá, omíyalé, ìjì líle, òtútù tó pọ̀ lápọ̀jù àti ooru tó pọ̀ lápọ̀jù náà wà níbẹ̀. Wọ́n á san ìdá 75 nínú 100 iye tí irú ẹran yẹn ń tà lọ́jà, àmọ́ kì í ṣe iye tí ìwọ lè ta tìẹ o, iye kan náà ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú ẹran kọ̀ọ̀kan jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ká ní èèyàn kan ní 100 abo màlúù, 40 kú nínú iná. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ iye tó ṣeé ṣe kó kú láìsí àjálù kankan, torí kò sí ọdún tí ẹran kì í kú, wọ́n sì ti ní iye kan nílẹ̀ fún ìyẹn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé 2 ni, ó ku 38. Ká tún sọ pé 2,000 dọ́là ni wọ́n kọ pé màlúù kan ń tà, ìdá 75 ẹ̀ jẹ́ 1,500. 38 lọ́nà 1,500 jẹ́ 57,000 dọ́là. Iye tí ẹran 40 yẹn tó lọ́jà jẹ́ 80,000. (Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe é, iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ máa ń yí padà lọ́dọọdún.) Ẹ wá wò ó, 23,000 ti wọlẹ̀ ná, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣa ìran màlúù ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mọ ilẹ̀ yẹn bí ẹni mọ ojú, kò sí fọ́ọ̀mù tó ní àyè ìyẹn.

Ẹ̀rí tún wà o. Fọ́tò, rísíìtì, ìwé dókítà ẹran, ìwé ọkọ̀ tó wá kó òkú ẹran, àkọsílẹ̀ báńkì tó fi hàn iye ẹran tó o ní tẹ́lẹ̀, tàbí ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ ò kàn tó máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Ẹ ronú ẹni tí ilé ẹ̀ jó, tí rísíìtì sì wà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń sọ pé kí wọ́n tó kó òkú ẹran, kí wọ́n tó sin ín, kí wọ́n ya fọ́tò kí nọ́ńbà etí ẹran hàn nínú ẹ̀. Ẹran tó fara pa tí wọ́n wá ta ní owó pọ́ọ́kú torí ìjàǹbá náà wọ inú ètò yẹn láti 2018, ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ìwé tí wọ́n fi tà á ni kí wọ́n tọ́jú.

Ọgbà wá ńkọ́? Ọgbà wáyà ni mò ń sọ, tí wọ́n fi ń dá màlúù dúró, máìlì lórí máìlì, òpó onígi jó, wáyà rọ̀, ẹran tó yè sì ń rìn lọ sí títì. Àpò tiẹ̀ ni ECP. Ìjọba lè san tó ìdá 75 nínú 100 owó àtúnṣe, ó lè tó ìdá 90 fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oko, kò sì ní ju 500,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan lórí àjálù kan. Ibi tó ti máa ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn máa ń sáré tún ọgbà ṣe lọ́jọ́ kejì, ó kúkú yé mi, ẹran ń sọnù, ṣùgbọ́n tí FSA ò bá tíì wá wò ó kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n lè ní àwọn ò san. Ìpè kan ṣoṣo sí ọ́fíìsì káńtì kéèyàn tó gbẹ́lẹ̀ òpó àkọ́kọ́ lè gba gbogbo owó yẹn là. Tí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i, èèyàn lè gba tó ìdá 25 sílẹ̀ kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló ní owó tó máa fi ra wáyà kó wá máa dúró de owó ìjọba.

Koríko ló wá rú àwọn èèyàn lójú jù. Ètò kan wà tó ń jẹ́ LFP, tó wà fún ẹran tí kò rí koríko jẹ torí ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí iná. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn á ní ó parí, iná jó pápá mi, mo ti yege. Rárá. Ti iná inú LFP, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nìkan ló wà fún, níbi tí darandaran ti gba ìwé àṣẹ láti jẹko tí ìjọba wá ní kó má wọ ibẹ̀ mọ́ torí iná. Ilẹ̀ Texas sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti aládàáni, ti ẹbí, ti ilé iṣẹ́. Nítorí náà àgbẹ̀ tí pápá tiẹ̀ fúnra ẹ̀ jó ní Hemphill, ètò míì ló máa bá a mu, ELAP ni wọ́n ń pè é, òun ló ń wo pápá aládàáni tó jó àti koríko gbígbẹ tó ti rà sílẹ̀ tó jóná. ELAP yìí kan náà ló ń wo oyin àti ẹja, tẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń sin oyin ẹ sọ fún un.

Ti ọ̀gbẹlẹ̀ inú LFP, máàpù ló ń sọ ẹni tó máa gbà á. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni máàpù ọ̀gbẹlẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń jáde, ibi tó gbẹ díẹ̀ á ní àwọ̀ tiẹ̀, ibi tó gbẹ jù á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, láti D0 dé D4. Tí D3 bá kàn dé ibikíbi nínú káńtì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àgbẹ̀ tó ní ẹran àti pápá tó yẹ nínú káńtì náà á gba owó oṣù mẹ́ta. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, ó lè di oṣù márùn-ún, kò ní kọjá ìyẹn. Owó oṣù kan jẹ́ ìdá 60 nínú 100 iye tí oúnjẹ ẹran ń ná èèyàn lóṣù tàbí iye ẹran tí pápá ẹ̀ lè gbà, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ti D2, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀ kéèyàn tó gba owó oṣù kan, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2025 sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń fa ìjà láàárín aládùúgbò? Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló pààlà káńtì méjì, òjò ò rọ̀ fún ẹ, òjò ò rọ̀ fún mi, àmọ́ àwọ̀ pupa kan igun kan nínú káńtì tìẹ tó jìnnà sí ẹ ní ogójì máìlì, ìwọ gba owó, èmi ò gbà. Kò sí ẹni tó ṣe màgòmágó níbẹ̀, bí òfin ṣe rí nìyẹn, mo sì gbà pé kò dáa tó, ó yẹ kí wọ́n máa wo oko ju káńtì lọ.

Ẹni tó gbin nǹkan, ìnṣọ́ránsì irè ló máa kọ́kọ́ bá lọ, ìjọba ń bá wọn san lára owó ìnṣọ́ránsì yẹn. Irè tí kò ní ìnṣọ́ránsì ní káńtì wọn, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́, NAP wà fún un, owó tí àgbẹ̀ máa san láti wọ inú ẹ̀ jẹ́ 325 dọ́là lórí irè kan, tàbí 825 tó bá jẹ́ irè púpọ̀ nínú káńtì kan, wọ́n sì máa ń fojú fo owó yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtàwọn míì. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe é kí àjálù tó dé ṣá. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn òjò yìnyín ti pẹ́.

Gbogbo èyí tí mo ti kà, òfin tó wà nílẹ̀ títí láé ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ECP ní láti dúró kí ilé aṣòfin kó owó sí i. Èyí tó máa ń gbé ìròyìn jáde ni owó tí ilé aṣòfin máa ń ya sọ́tọ̀ lójijì lẹ́yìn ọdún tó burú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 2024 wọ́n fọwọ́ sí òfin kan tó kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 31 dọ́là fún àgbẹ̀, bíi bílíọ̀nù 21 nínú ẹ̀ jẹ́ ti àjálù ọdún 2023 àti 2024, ó tó bílíọ̀nù méjì nínú ìyẹn tí wọ́n ní kó jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn tí ọ̀gbẹlẹ̀, iná tàbí omíyalé kàn. Ẹ fojú sí déètì yẹn: ẹni tó jìyà ọ̀gbẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìparí oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n tó kéde pé owó ẹ̀ ń bọ̀. Owó ẹran ti ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, àwọn tó ti gba LFP fún 2023 tàbí 2024 ni wọ́n sanwó fún, wọn ò ní kí wọ́n tún kọ fọ́ọ̀mù míì, inú fáìlì tó ti wà nílẹ̀ ni FSA ti wo orúkọ. Ó dáa fún ẹni tó wà nínú fáìlì. Ẹni tí ò lọ kọ orúkọ ní 2023 torí pé ó rò pé owó ọ̀hún ò tó nǹkan, kò rí ti àkọ́kọ́, kò sì rí ti ìkejì.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ìwé tí ẹ ní ní FSA kí àjálù tó dé ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́yìn àjálù, ju bí àjálù ṣe le tó lọ. Nọ́ńbà oko tí FSA ń fún oko kọ̀ọ̀kan, ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tẹ́ ẹ fi yá ilẹ̀, fọ́ọ̀mù AD-2047 tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì, CCC-902 tó sọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ oko àti ta ló ni ín, CCC-941 tó sọ iye tó ń wọlé fún yín torí ẹni tí owó ẹ̀ bá ju 900,000 dọ́là lọ lọ́dún kì í sábà yege, AD-1026 tó wà fún ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá lè tètè wọ́ lọ àti ilẹ̀ àbàtà, àti FSA-578 tẹ́ ẹ máa fi sọ lọ́dọọdún ohun tẹ́ ẹ gbìn àti ibi tẹ́ ẹ gbìn ín. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, green card tó, kò di dandan kẹ́ ẹ di citizen. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yá ilẹ̀, ti ẹran tó kú, ẹni tó ni ẹran ni wọ́n ń san fún, kì í ṣe ẹni tó ni ilẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí onílẹ̀ sọ fún yín pé òun ló ni owó yẹn.

Àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ìṣòro kan tó máa yé Yorùbá láìsí àlàyé púpọ̀. Bàbá àgbà kú, kò ṣe ìwé ìhágún, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ, bí ilẹ̀ ẹbí tiwa gẹ́lẹ́, kò sí orúkọ ẹnì kan pàtó lórí ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni FSA fi ń lé irú wọn padà torí wọn ò ní ìwé ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò rí nọ́ńbà oko gbà, láìsí nọ́ńbà oko kò sí ètò kankan. Òfin ọ̀gbìn 2018 ló yí ìyẹn padà, wọ́n gba ìwé míì láyè tó fi hàn pé ẹni yìí ló ń dáko níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ẹ bá wọn sọ ọ́, ọ̀pọ̀ àgbà níbẹ̀ ni wọ́n ti lé padà nígbà kan rí tí wọn ò tíì padà lọ.

Nípa àwọn orúkọ tí ẹ máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n to àgbẹ̀ káńtì kan lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú iye tó gbà láti 1995, EWG, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, ló kó ìyẹn jọ látinú àkọsílẹ̀ ìjọba. Òótọ́ ni owó náà, àmọ́ ẹ kà á dáadáa. Ìnṣọ́ránsì tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà kì í sí níbẹ̀, òfin ò jẹ́ kí wọ́n gbé e síta. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́rin tó jọ ń ṣe oko kan. Ọdún tí wọ́n kọ lè jẹ́ ọdún tí owó jáde, kì í ṣe ọdún tí àjálù ṣẹlẹ̀. LFP ò lè ju 125,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan lọ́dún, àmọ́ láti 2018 LIP àti ELAP ò ní òdiwọ̀n mọ́, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gba owó ńlá nínú LIP, ẹran ẹ̀ tó kú ló pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá sì kọ̀wé sí yín pé ẹ ò yege, ẹ má kàn ká lẹ́tà yẹn sínú àpótí. Ọjọ́ 30 lẹ ní láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ẹ lè ní kí ìgbìmọ̀ káńtì tún ọ̀rọ̀ yín wò, ẹ lè ní kí ẹni tó ń làjà wọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ National Appeals Division tí kò sí lábẹ́ FSA. Inú lẹ́tà náà gan-an ni wọ́n ti máa ń kọ ọ̀nà tí ẹ lè gbà, ó sábà máa ń wà lápá ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kì í tètè dé, ẹ kà á débẹ̀.